Páìpù ni tàbí Fọ́nrán? Ìtàn Ohun Tí Maikirosíkóòpù Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Fi Hàn Nínú Ẹ̀ka Sẹ́ẹ̀lì Ìmọ̀lára

Ní ọdún 1948, onímọ̀ méjì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti rí páìpù nínú ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára. Eduardo De Robertis, ọmọ Argẹntínà, àti Francis O. Schmitt, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí ní neurotubule, èyí tí ó túmọ̀ sí páìpù iṣan ìmọ̀lára. Kò ju bí ọdún méjì lọ tí yàrá ìwádìí kan náà fi jẹ́ kó di mímọ̀ pé ohun tí wọ́n rí kò sí nínú ẹ̀ka náà rárá. Ẹ̀yìn òde rẹ̀ ni ó wà. Lẹ́yìn ọdún 1963, páìpù gidi wá fara hàn nínú ẹ̀ka yìí kan náà, ó sì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní 1948, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀.

Bí irú nǹkan báyìí ṣe lè ṣẹlẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ ipa rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ẹ̀rọ: awò dára sí i, ojú sì ríran sí i. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ohun tí wọ́n ṣe sí ẹran ara kí ó tó dé abẹ́ awò ni ó pinnu ohun tí wọ́n rí, ju agbára awò fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Nínú èdè wa, “iṣan” ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, òun náà ni a ń pe ẹran tí ó ń fún apá lágbára, òun náà ni a sì ń pe okùn tí ó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka dé ọpọlọ. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Faransé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ ní orúkọ mẹ́ta fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n bí ó bá délé tí ó fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà, “iṣan ìmọ̀lára” ni mo ń lò fún okùn náà, “sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára” sì ni mo ń lò fún sẹ́ẹ̀lì tí ó ni ín. Sẹ́ẹ̀lì yìí ní ara, ó sì ní ẹ̀ka. Àwọn ẹ̀ka kúkúrú tí ó ń gba iṣẹ́ tí a rán wá ni dẹ́ńdíráìtì. Ẹ̀ka gígùn kan ṣoṣo tí ó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn ni ákísọ́ọ̀nù. Nínú àgbàlagbà, ákísọ́ọ̀nù tí ó ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ gùn tó mítà 1, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè rí ara sẹ́ẹ̀lì tí ó ni ín. Kí ni ó wà nínú ẹ̀ka gígùn tín-ín-rín yìí? Ìbéèrè náà nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bi í kò ní ju awò onímọ́lẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 1840 sí 1845, Robert Remak ní Jámánì wo iṣan ìmọ̀lára edé inú odò, ó sì sọ pé òun rí fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lọ gbọọrọ nínú ákísọ́ọ̀nù. Ní ìwọ̀n ọdún 1870, Max Schultze sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ẹranko mìíràn. Nígbà tí ó fi di òpin ọ̀rúndún náà, àwọn onímọ̀ ti ń fi góòlù àti fàdákà pa ẹran ara láró, fọ́nrán wọ̀nyí sì ń yọ dúdú kedere. István Apáthy, ọmọ Họ́ńgárì, fi góòlù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára eṣúṣú. Ní 1897 ó sọ pé fọ́nrán náà ń ti inú sẹ́ẹ̀lì kan kọjá sí òmíràn láìjá, àti pé ara ìmọ̀lára lódindi jẹ́ àwọ̀n kan ṣoṣo. Santiago Ramón y Cajal, ní Spéìn, dá ọ̀nà fàdákà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1903. Òun náà rí fọ́nrán, ṣùgbọ́n ó ní kò sí èyí tí ó ré kọjá ààlà sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìjà yìí kò tán bọ̀rọ̀. Ní 1906, Cajal àti Camillo Golgi ti Ítálì jọ gba ẹ̀bùn Nobel, Golgi sì fi ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ gbèjà àwọ̀n tí Cajal ń sọ pé kò sí. Àwọn méjì tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn, tí wọn kò gbà fún ara wọn!

Àríyànjiyàn kan tún wà lábẹ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì sí wa jù. Bí ènìyàn bá wo ákísọ́ọ̀nù tí ó ṣì wà láàyè, ó máa ń mọ́ gaara bí omi. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé fọ́nrán wà níbẹ̀ kí fàdákà tó dé? Ẹ wo funfun ẹyin. Kí a tó gbé e kaná, ó ń ṣàn. Lẹ́yìn tí iná bá ti kàn án, ó dì, ó sì lè fàya ní ìlà-ìlà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìlà wọ̀nyẹn ti wà nínú ẹyin tútù. Ohun tí àwọn tí kò gba ọ̀rọ̀ Cajal àti Apáthy gbọ́ ń sọ gan-an nìyí: ásíìdì àti ọtí líle tí ẹ fi mú ẹran ara dúró ni ó dá fọ́nrán sílẹ̀. Awò onímọ́lẹ̀ kò sì lè dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ohun méjì tí àárín wọn kò tó nǹkan bí 200 nánómítà máa ń di ẹyọ kan lójú rẹ̀. Nánómítà 1,000,000 ni ó wà nínú mìlímítà 1. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kéré ju èyí tí ìmọ́lẹ̀ lè yà sọ́tọ̀ lọ.

Ní 1931, Ernst Ruska àti Max Knoll ní Berlin fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rọ́pò ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ irú awò bẹ́ẹ̀. Ruska gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1986, lẹ́yìn ọdún 55. Awò yìí lágbára ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ jìnnà réré, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní afẹ́fẹ́, nítorí náà ohun tí ó bá ní omi lára kò lè wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì lè la ohun tí ó nípọn kọjá. Ohun tí a bá fẹ́ wò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ tó ìwọ̀n 100 nánómítà tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Títí di nǹkan bí 1949, kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe lè gé ẹran ara fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ déédéé.

Ibi tí De Robertis bá ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nígbà ìjọba Perón ni ó kúrò ní Argẹntínà, tí ó wá dé ọ̀dọ̀ Schmitt, ẹni tí ó ti gbé awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kalẹ̀ ní MIT fún iṣẹ́ iṣan ìmọ̀lára. Níwọ̀n bí wọn kò ti lè gé iṣan fẹ́lẹ́, wọ́n mú iṣan tí wọ́n ti fi fọ́málìnì mú dúró, wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti wò ó. Nínú àwọn èérún náà ni wọ́n ti rí ohun gígùn tí etí rẹ̀ méjèèjì dúdú tí àárín rẹ̀ sì fúyẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo páìpù láti ẹ̀gbẹ́. Orúkọ neurotubule jáde. Ìrètí pọ̀ lára rẹ̀: ní 1949, àwọn méjèèjì tún fi awò yìí yẹ iṣan tí fáírọ́ọ̀sì rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti wọ̀ wò. Nígbà náà kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn yìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo òbí. Bí páìpù bá wà nínú iṣan ní tòótọ́, bóyá ọ̀nà tí àrùn ń tọ̀ dé ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da àgbọ̀n ọjà mẹ́ta pọ̀ sórí ẹní kan kò lè tọ́ka sí ata kan kí ó sì búra pé inú àgbọ̀n báyìí ni ó ti wá. Nígbà tí wọ́n fọ́ iṣan, ákísọ́ọ̀nù nìkan kọ́ ni wọ́n fọ́. Ọ̀rá tí ó wé ákísọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, àwọ̀ tí ó so àwọn ákísọ́ọ̀nù pọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 1950, Schmitt àti Betty Ben Geren lo ọ̀nà gígé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí wọ́n fi ń ri ẹran ara sínú ike tí ó dì kí wọ́n tó gé e. (Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ gé ògì tútù yóò kàn da ara rẹ̀ láàmú, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ di ẹ̀kọ.) Bí wọ́n ṣe gé iṣan láì fọ́ ọ, ohun gbogbo wà ní àyè rẹ̀. Ìta ákísọ́ọ̀nù ni “páìpù” wọn wà, nínú àwọ̀ tí ó so iṣan pọ̀, ó sì jọ kọ́lájìn, purotéènì tí ó ń mú awọ àti ìṣẹ́pọ̀ ara le. Nínú ákísọ́ọ̀nù gan-an, fọ́nrán tín-ín-rín nìkan ni wọ́n rí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ìwé fi ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ìtìjú ni. Èmi rò pé ọjọ́ iyì ni ó jẹ́ fún yàrá ìwádìí náà. Ọ̀gá tí ó fún nǹkan lórúkọ ni ó tún jókòó ti ẹni tí ó wó o, ó sì fọwọ́ sí i. Geren fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀: ní 1954, lára ọmọ adìyẹ tí a kò tíì pa, ó fi hàn pé ọ̀rá tí ó wé ákísọ́ọ̀nù jẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó ń lọ́ yí i ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bí ìgbà tí a bá ń wé gèlè. Ọ̀rọ̀ yìí dúró títí di òní.

Láàárín ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ gígé di iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ṣe ọ̀bẹ láti ara gíláàsì tí a fọ́. Humberto Fernández-Morán, ọmọ Fẹnẹsúẹ́là, ṣe tirẹ̀ láti ara dáyámọ́ńdì. George Palade sọ ósímíọ́ọ̀mù di oògùn ìmúdúró tí gbogbo ayé ń lò láti 1952. Ní 1954 àti 1955, Palade àti Sanford Palay ní ọ̀nà kan, De Robertis àti Stanley Bennett ní ọ̀nà kejì, fi hàn pé níbi tí sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára méjì ti pàdé, àlàfo wà láàárín wọn tí kò ju nǹkan bí 20 nánómítà lọ. Fọ́nrán kankan kò sì là á kọjá. Cajal jàre. Ó ti kú ní 1934.

Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú, ìdí sì wà tí kò fi yẹ kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Palay àti Palade ti fi hàn ní 1955 pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì wà nínú ara rẹ̀ àti nínú dẹ́ńdíráìtì, ṣùgbọ́n tí ẹnu ọ̀nà ákísọ́ọ̀nù bá bẹ̀rẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Báwo wá ni oúnjẹ ṣe ń dé ìparí ẹ̀ka tí ó gùn tó mítà kan? Ní 1948, ọdún tí wọ́n pe orúkọ neurotubule yẹn gan-an, Paul Weiss àti Helen Hiscoe so iṣan eku díẹ̀ kí ó fún, wọ́n sì rí i pé ákísọ́ọ̀nù wú ní apá tí ó kọjú sí ara sẹ́ẹ̀lì, bí odò ṣe ń kún níwájú ìsé. Wọ́n ṣírò pé ohun inú rẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí mìlímítà 1 lójúmọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn rí ẹrù tí ó ń yára ju èyí lọ, tí ó ń rin nǹkan bí mìlímítà 400 lójúmọ́. Ẹrù àkọ́kọ́ yóò lo 1,000 ọjọ́ kí ó tó ti ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Èkejì yóò lo ọjọ́ méjì àbọ̀. Ohun tí ó ń yára tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa léfòó lásán. Ó gbọdọ̀ ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀.

Ọ̀nà náà wà níbẹ̀ látìgbà náà, lójú gbogbo wọn. Wọ́n ń pa á run kí wọ́n tó wò ó ni.

Ósímíọ́ọ̀mù dára fún awọ sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ọ̀rá ni ó ń dì mú jù. Kì í di gbogbo purotéènì mú bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì tún máa ń lò ó nínú yìnyín, nítorí èrò pé òtútù kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ja ṣe mọ̀. Ní 1963, David Sabatini, Klaus Bensch àti Russell Barrnett, ní Yale, gbé oògùn ìmúdúró mìíràn jáde, glutaraldehyde, èyí tí ó ń so purotéènì mọ́ purotéènì kí ósímíọ́ọ̀mù tó kàn án. Ní ọdún kan náà, David Slautterback rí páìpù tín-ín-rín nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko omi kékeré tí ń jẹ́ Hydra, Myron Ledbetter àti Keith Porter sì rí irú rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko. Orúkọ microtubule dé. Nígbà tí wọ́n wá padà sí ákísọ́ọ̀nù pẹ̀lú oògùn tuntun yìí, páìpù kan náà tò síbẹ̀ lọ gbọọrọ. Àwọn kan ti tajú kán rí díẹ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ósímíọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n iye tí ó kù kò tó èyí tí ènìyàn lè gbára lé.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ọmọ Argẹntínà ni Sabatini, ní yàrá ìwádìí De Robertis ní Buenos Aires ni ó sì ti ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ sí Yale. Lẹ́yìn tí ìjọba Perón wó ni De Robertis padà sílé. Ẹni tí ó sọ ní 1948 pé páìpù wà níbẹ̀, ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni ó wá bá wọn pèsè oògùn tí kò jẹ́ kí páìpù gidi túká.

Ọ̀rọ̀ yìnyín ńkọ́? Ní 1968, àwọn onímọ̀ méjì ní Argẹntínà, Rodríguez Echandía àti Piezzi, fi iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ wọn wádìí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi iṣan náà sínú òtútù, iye páìpù inú ákísọ́ọ̀nù dín kù. Òtútù tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹran ara ni ó ń tú páìpù ká. (Àmì ohùn nìkan ni ó ya ọ̀pọ̀lọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ nínú èdè wa. Ẹni tí ó bá kọ ìwé ìmọ̀ yìí láì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò fa wàhálà, nítorí pé lára ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọpọlọ.)

Ní báyìí, a lè ṣàpèjúwe ohun tí ó wà nínú ẹ̀ka náà. Oríṣi mẹ́ta ni. Páìpù tín-ín-rín fẹ̀ ní nǹkan bí 25 nánómítà. Bí a bá to 40,000 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò kún mìlímítà 1. Ledbetter àti Porter kà á pé ẹ̀ka 13 ni ó so pọ̀ di ara páìpù kan, bí igi tí a tò yíká láti fi ṣe ọgbà. Èkejì ni fọ́nrán tí kò ní ihò, tí ó fẹ̀ ní nǹkan bí 10 nánómítà. Òun ni fàdákà Cajal ń lẹ̀ mọ́ níbi tí ó bá ti di ìdì, tí ó fi ń hàn sí awò onímọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fọ́nrán tí ó tún tín-ín-rín ju ìyẹn lọ, tí a fi purotéènì ákítìnì ṣe, tí ó pọ̀ jù lábẹ́ awọ ẹ̀ka. Ní 1970, Friede àti Samorajski ka àwọn méjì àkọ́kọ́ nínú iṣan ẹsẹ̀ eku, wọ́n sì rí i pé bí ákísọ́ọ̀nù bá ṣe nípọn tó ni iye wọn ṣe ń pọ̀ tó. Nínú dẹ́ńdíráìtì, páìpù ni ó sábà máa ń pọ̀ jù; nínú ákísọ́ọ̀nù ńlá, fọ́nrán ni.

Ìjà “páìpù ni tàbí fọ́nrán” kò dúró sínú ara tí ó le nìkan. Nígbà tí Alois Alzheimer yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ìgbàgbé ti bà jẹ́ wò, ní 1906, fàdákà fi ìdì okùn dúdú tí ó lọ́ mọ́ra hàn án nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní 1963, Michael Kidd ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Robert Terry ní Amẹ́ríkà gbé ìdì yìí sábẹ́ awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Terry ní páìpù tí ó ti bàjẹ́ ni. Kidd ní fọ́nrán méjì ni, tí wọ́n lọ́ yí ara wọn ká, tí wọ́n sì ń pàdé ní gbogbo nǹkan bí 80 nánómítà. Ohun tí Kidd rí ni ó dúró. Ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé páìpù kò sí nínú ẹjọ́ náà: ní 1975, wọ́n rí purotéènì kan nínú ọpọlọ tí ó ń jẹ́ kí páìpù dúró ṣinṣin, wọ́n pè é ní tau. Ní ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ó hàn pé tau yìí gan-an ni fọ́nrán Kidd fi ṣe ara. Ohun tí ó yẹ kí ó máa mú páìpù dúró ni ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, tí ó lọ di okùn. Fún ìdílé tí ó ń tọ́jú àgbàlagbà tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ibi tí àríyànjiyàn àwọn aláwò yìí já sí nìyẹn.

Ó ku ká mọ iṣẹ́ tí páìpù ń ṣe. Colchicine, oògùn ewéko tí wọ́n ti ń lò fún àrùn ríro oríkèé láti ayé àtijọ́, ni ó kọ́kọ́ tọ́ka síbẹ̀. Gary Borisy àti Edwin Taylor fi hàn ní 1967 pé purotéènì tí a fi ṣe páìpù ni oògùn yìí ń lẹ̀ mọ́. Ní ọdún kan sí méjì lẹ́yìn èyí, ó hàn pé bí a bá fi í sí iṣan ìmọ̀lára, ẹrù kì í lọ mọ́. Ẹ̀rí yìí dára, ṣùgbọ́n kò kún tó: ẹni tí ó bá da epo sójú títì tí ọkọ̀ kò sì rìn mọ́ kò tíì fi hàn pé kò sí ohun mìíràn tí epo bà jẹ́.

Awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì lè parí ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀, nítorí pé òkú ni ó ń wò. Ẹranko omi òkun kan tí wọ́n ń pè ní squid, tí ákísọ́ọ̀nù rẹ̀ lè fẹ̀ tó mìlímítà 1, ni ó bá wọn yanjú rẹ̀. Ní 1982, Scott Brady, Raymond Lasek àti Robert Allen fún ohun inú ákísọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde bí ẹni ń fún ọsẹ ìfọyín, wọ́n sì fi kámẹ́rà so mọ́ awò onímọ́lẹ̀ láti wò ó. Ẹrù wẹ́wẹ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, lórí ìlà tín-ín-rín. Ìlà wo? Kámẹ́rà kò lè sọ bóyá páìpù kan ni, tàbí ìdì fọ́nrán. Ní 1985, Bruce Schnapp, Ronald Vale, Michael Sheetz àti Thomas Reese mú ìlà kan tí wọ́n ti rí ẹrù tí ó ń lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, wọ́n mú un dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé ìlà yẹn gan-an sábẹ́ awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Páìpù kan ṣoṣo ni. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dárúkọ kinesin, purotéènì tí ó ń gbé ẹrù rìn lórí páìpù náà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, iṣẹ́ tí mo gbà pé ó lẹ́wà jù nìyí, nítorí pé ohun tí a rí láàyè àti ohun tí a rí lókùú jẹ́ ohun kan náà, tí kò sí ẹni tí ó fọ́ ọ, tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò sì sọnù.

Páìpù yìí ní orí, ó ní ìdí. Láàárín 1980 àti 1981, Steven Heidemann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọgbọ́n kan dá: wọ́n jẹ́ kí purotéènì hù lára páìpù bí ìkọ́, wọ́n gé e ní ìbú, wọ́n sì wo apá ibi tí ìkọ́ náà tẹ̀ sí, bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Nínú ákísọ́ọ̀nù, gbogbo wọn kọjú síbì kan, kúrò lọ́dọ̀ ara sẹ́ẹ̀lì. Nínú dẹ́ńdíráìtì, gẹ́gẹ́ bí Peter Baas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn ní 1988, wọ́n dojú kọ ara wọn ní méjèèjì. Ẹ̀ka méjì tí Cajal fi ojú yà sọ́tọ̀ nítorí bí wọ́n ṣe rí lóde, inú wọn pẹ̀lú yàtọ̀.

Ní 1982, Nobutaka Hirokawa, ọmọ Jàpáánì, kọ gbogbo oògùn ìmúdúró sílẹ̀. Ó mú ákísọ́ọ̀nù àkèré, ó sọ ọ́ di dídì ní ìṣẹ́jú akàn, kí omi inú rẹ̀ má ráyè di yìnyín onígun, ó sì ha ojú rẹ̀ kúrò. Páìpù wà níbẹ̀, fọ́nrán wà níbẹ̀, àkàsọ̀ wẹ́wẹ́ sì so wọ́n mọ́ra. Níwọ̀n bí kò ti sí ásíìdì, tí kò sí fàdákà, tí kò sí ósímíọ́ọ̀mù níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń sọ láti ìgbà ayé Apáthy pé oògùn ni ó dá fọ́nrán sílẹ̀ kò rí ohun sọ mọ́.

Ọ̀kan ṣì kù. Nínú àwòrán glutaraldehyde ti ọdún 1960 sí 1970, bí a bá gé páìpù inú ákísọ́ọ̀nù ní ìbú, ó máa ń ní àmì dúdú kékeré kan láàárín ihò rẹ̀. Àwọn kan kà á sí ìdọ̀tí aró. Ní 2006, Garvalov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì tí a sọ di dídì láì fi oògùn kankan kàn án, wọ́n yí i láti igun dé igun lábẹ́ awò, wọ́n sì rí i pé àwọn èérún kan wà nínú ihò páìpù lóòótọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wádìí.